Orí Kì Í Fọ́ Lásán: Ìtọ́jú Ẹ̀fọ́rí Nínú Ilé Pẹ̀lú Omi, Ewé àti Ìsinmi



Àkòrí tí ó kàn wá lọ́dún yìí kò jọ àkòrí ńlá. Ó rọrùn fún babaláwo láti sọ̀rọ̀ nípa ìwáṣẹ̀ ayé àti nípa ìrìn àjò àwọn Irúnmọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí orí ń fọ́ kò ráyè gbọ́ ìtàn. Kò sí ilé kan tí ẹ̀fọ́rí kò mọ̀. Ọba a máa ní in, ìwọ̀fà a máa ní in, onífá a máa ní in, aláìnífá a máa ní in.

Ohun tí ó mú wa gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú yín ni pé a ń rí nǹkan méjì tí kò dára. Èkíní, àwọn ọmọ wa kò dá ewé mọ̀ mọ́. Òdúndún lè wà ní ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ sí ilé oníkẹ́míìsì. Èkejì, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi orúkọ ewé àti orúkọ Ifá dá aláìsàn dúró sílé, títí ohun tí ilé ìwòsàn ì bá tètè mójú tó yóò fi bọ́ sórí. Àìmọ ewé ń sọ ogún nù. Àṣejù ewé ń sọ ẹ̀mí nù. Àárín méjèèjì ni a fẹ́ rìn lónìí.

Orí òde àti Orí inú

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú ìdí ọ̀rọ̀ kan. Nítorí pé orúkọ kan náà ni a fi ń pe orí tí a fi ń ru ẹrù àti Orí tí a kúnlẹ̀ yàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí orí òde bá ti ń fọ́, Orí inú ni ó ń bínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó dúró sínú oòrùn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìmu omi, orí yóò fọ́ ọ, bí ó ti wù kí ìpín rẹ̀ dára tó. Bí bàtà bá há ẹsẹ̀, a kì í dífá sí i kí a tó bọ́ bàtà.

Síbẹ̀, okùn kan so méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó bá bọ̀wọ̀ fún Orí inú kò ní máa fi ìyà jẹ orí òde tí í ṣe ilé rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ó máa ń ṣáájú nígbà tí a bá ń bọ Orí: omi tútù, obì, òrí, ìgbín. Ohun ẹ̀rọ̀ ni wọ́n. Orí ń fẹ́ ìtura. Ẹ̀kọ́ yìí ni gbogbo ìtọ́jú tí a óò sọ lẹ́yìn yìí dúró lé: kí a kọ́kọ́ tu orí lára, kí a tó máa wá ohun líle fún un.

Irú ẹ̀fọ́rí tí ó wà

Àwọn àgbà kì í pe gbogbo ẹ̀fọ́rí ní orúkọ kan. A lè pín wọn sí mẹ́ta, kí ọ̀rọ̀ lè yé ara wa.

Èkíní ni ẹ̀fọ́rí àárẹ̀. Èyí a máa ká orí mọ́ yípo, bí ẹni pé okùn ni a fi dì í. Ó ń dunni, ṣùgbọ́n kì í sábà dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Ọrùn àti èjìká a máa le. Iṣẹ́ àṣejù, àìsùn, àníyàn àti ìjókòó pípẹ́ ni ó sábà ń fà á.

Èkejì ni túúlu. Eléyìí a máa mú apá kan orí tàbí ọ̀kánkán ojú, a sì máa lù kìkì bí ẹni pé wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀. Èébì a máa gbé ẹni tí ó ń ṣe. Kò ní fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, kò ní fẹ́ gbọ́ ariwo. Ó lè wà fún wákàtí 4, ó sì lè wà fún ọjọ́ 3. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, ó sì máa ń tẹ̀lé ìdílé. Àwọn obìnrin kan wà tí í máa bá ní àsìkò nǹkan oṣù wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé àwọn àgbà kan a tún máa pe ẹ̀fọ́rí tí imú dídí àti ọ̀fìnkìn ń fà ní túúlu, nítorí pé iwájú orí ni òun náà ń gbé. Ìtọ́jú wọn kò dọ́gba, a ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀fọ́rí tí í ṣe ìránṣẹ́. Kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ni àrùn. Àrùn mìíràn ni ó rán an. Ibà ń rán an, eyín tí ó jẹrà ń rán an, ojú tí ó ń fẹ́ awò ń rán an, bẹ́ẹ̀ ni ewu ńlá tí a óò dárúkọ níwájú náà ń rán an. Ẹni tí ó bá lé ìránṣẹ́ lọ láìgbọ́ iṣẹ́ tí ó jẹ́, ẹni tí ó rán an yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.

Ìbéèrè mẹ́ta tí ó ṣáájú ewé

Nígbà tí a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọdún púpọ̀ ni a fi gbálẹ̀, tí a fi já ewé, tí a fi lọ oògùn, kí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó kàn wá lọ́wọ́. Olúwo wa kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kan ewé nítorí ẹ̀fọ́rí títí a ó fi bi aláìsàn ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni o jẹ? Kí ni o rù? Ibo ni o sùn? Bí a ti ń dàgbà sí i nínú iṣẹ́ náà ni a túbọ̀ ń rí ọgbọ́n tí ó wà nínú ìbéèrè wọ̀nyí.

*Kí ni o jẹ?* Ebi a máa fọ́ni lórí. Òùngbẹ náà a máa fọ́ni lórí, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́, tí ara ń gbẹ láìjẹ́ pé a mọ̀. Ọtí àná a máa fọ́ni lórí lónìí. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni ti obì. Nínú obì ni kaféènì wà, ohun kan náà tí ó wà nínú kọfí. Ẹni tí ó ti mọ́ lára láti máa jẹ obì tàbí láti máa mu kọfí lójoojúmọ́, bí ó bá dáwọ́ dúró lójijì, láàrin ọjọ́ kan tàbí méjì, orí lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Kì í ṣe èèwọ̀ ni ó jẹ. Kí ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ ni.

*Kí ni o rù?* A kò fi èyí mọ sórí ẹrù igi àti ẹrù ọjà nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrù tí a rù láìsí òṣùká gidi ń fa ọrùn, ọrùn sì ń fa orí. Gèlè tí a wé le koko láti àárọ̀ ọjọ́ ìnáwó títí di alẹ́ wà nínú rẹ̀. Irun tí a dì tí ó fa awọ orí títí ojú fi ń lọ sókè wà nínú rẹ̀. Bí obìnrin bá ní orí ń fọ́ òun láti ìgbà tí òun ti dirun, ewé rẹ̀ ni pé kí ó tú irun náà. Àníyàn pẹ̀lú jẹ́ ẹrù. Owó ilé ìwé, ọjà tí kò tà, aáwọ̀ inú ilé: ẹni tí ó bá ru àwọn wọ̀nyí sùn, yóò rù wọ́n jí.

*Ibo ni o sùn?* Láyé ìgbà tí olúwo wa ń béèrè, èéfín ààrò nínú ilé tí kò ní fèrèsé ni ó ń bẹ̀rù. Lónìí, jẹnẹrétọ̀ ti gba ipò ààrò. Èéfín kan wà tí ń jáde lára jẹnẹrétọ̀ àti èédú tí ń jó, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Ẹ̀fọ́rí ni ó sábà fi ń kéde ara rẹ̀, òòyì àti èébì a tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà oorun tí ènìyàn kì í jí. Bí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé kan náà bá jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí ní alẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ má wá ewé, ẹ má wá aṣebi. Ẹ gbé gbogbo ènìyàn jáde sí ìta gbangba, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ilé, kò gbọdọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò gbọdọ̀ sún mọ́ fèrèsé. Kí ó jìnnà sí ilé tó mítà 6, ó kéré tán.

Ìtọ́jú tí kò náni lówó

Bí a bá ti bi ìbéèrè tán tí a kò rí ewu, omi ni a ó kọ́kọ́ nawọ́ sí. Kí ẹni náà mu ife omi méjì, kí ó má gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá tíì jẹun, kí ó jẹ ohun tí ó fúyẹ́. Ẹ̀kọ tútù tàbí àkàmù tó. Kí ó wọ inú yàrá tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, kí ó dùbúlẹ̀. Kí a ri aṣọ mímọ́ bọ omi tútù, kí a fún un, kí a tẹ́ ẹ lé iwájú orí rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá jẹ́ pé ọrùn ni ó le, aṣọ tí a ri bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí a fi lé ẹ̀yìn ọrùn.

Lẹ́yìn èyí ni fífi ọwọ́ ra á. Kí a fi òrí díẹ̀ sí orí ìka, kí a máa fi rọra ra ẹ̀bátí méjèèjì, ká sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀yìn etí, sí ọrùn, títí dé èjìká. Kí ọwọ́ má le. A yan òrí nítorí pé ohun ẹ̀rọ̀ ni, ara ọmọdé àti àgbà sì gbà á. Bí ó bá jẹ́ àdí ni ilé ní, a lè lò ó, ṣùgbọ́n kí ẹ rántí pé èèwọ̀ Èṣù ni. Ẹni tí ó fi ra ara kò gbọdọ̀ sún mọ́ ojúbọ Èṣù títí yóò fi wẹ̀ ẹ́ kúrò.

Púpọ̀ nínú ẹ̀fọ́rí àárẹ̀ ni yóò fi ara balẹ̀ níbi tí a dé yìí, láìjẹ́ pé a já ewé kan.

Àwọn ewé ẹ̀rọ̀

Òdúndún ni olórí ewé tí a fi ń tu orí. Ewé rẹ̀ nípọn, omi kún inú rẹ̀, ó sì tutù lọ́wọ́. Àwọn kan a máa ṣì í mú pẹ̀lú àbámọdá, nítorí pé ìbátan ni wọ́n. Àmì kan tí ó dájú ni pé ọmọ wẹ́wẹ́ a máa hù ní etí ewé àbámọdá. Ti òdúndún kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a ti ń lò ó nìyí: kí a já ewé méjì tàbí mẹ́ta tí ó dàgbà, kí a fi omi ṣàn wọ́n dáadáa, kí a yà wọ́n lórí ẹ̀yin iná títí wọn yóò fi rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá tutù tó ohun tí ara gbà, kí a tẹ́ wọn lé iwájú orí àti ẹ̀bátí, kí a fi aṣọ fẹ́lẹ́ dì wọ́n mú, kí ó má le. Bí ewé bá gbẹ, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil kò gbàgbé ìlò yìí. Níbẹ̀, wọ́n ń pe ewé ẹ̀yà òdúndún ní *folha-da-costa*, èyí ni pé ewé tí ó ti etíkun ilẹ̀ wa wá, wọ́n sì ń fi í tu orí àwọn ọmọ òrìṣà títí di òní.

Ìta ara ni ìlò tí a sọ yìí. A kò ní kí ẹnikẹ́ni máa mu omi òdúndún tàbí ti àbámọdá ní ife ní ife. Àwọn ewé ìdílé yìí ní ohun tí ń kan ọkàn nínú. Màlúù tí ó bá jẹ àbámọdá àti àwọn ìbátan rẹ̀ ní àjẹjù ti kú. Ohun tí ó tutù lórí awọ lè gbóná nínú ikùn.

Rinrin ni ẹnìkejì òdúndún. Ibi tútù tí ó ní òjìji ni ó ń hù sí, ní ẹsẹ̀ ògiri, ní ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi. Igi rẹ̀ mọ́ gaara bíi díńgí, ewé rẹ̀ sì rí bí ọkàn. A gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin nínú orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìṣe rẹ̀ sì rí. Kí a já a ní ẹ̀kúnwọ́ kan, kí a fọ erùpẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí a gbo ó sínú omi tútù nínú igbá, kí a fi omi náà wẹ iwájú orí àti ọrùn. Ní Brazil, *oriri* ni wọ́n ń pè é láàrin àwọn ọlọ́sà. Ẹni tí awọ rẹ̀ bá tètè ń sú, kí ó kọ́kọ́ fi díẹ̀ kan apá rẹ̀ wò.

Bí ẹnìkan bá bi wá pé kí ni ewé méjèèjì ń ṣe ní ti gidi, ìdáhùn wa ni pé ìtura ni wọ́n ń mú wá. Wọ́n ń mú ooru kúrò, wọ́n ń jẹ́ kí aláìsàn dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n wọn kì í tú gbòǹgbò ibà, wọn kì í sì í mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Kí a fi ewé sí àyè rẹ̀ ni iyì ewé.

Nígbà tí ó bá jẹ́ ti imú

Bí ọ̀fìnkìn bá dí imú, tí iwájú orí wúwo, tí ó sì ń dunni jù bí a bá bẹ̀rẹ̀, ẹfinrin ni a ó wá. Kí a fi ẹ̀kúnwọ́ ewé rẹ̀ sínú abọ́, kí a da omi gbígbóná lé e, kí aláìsàn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó máa fa oru rẹ̀ símú. Òórùn líle tí ewé náà ní ń wá láti inú òróró kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní *thymol*. Kò lé ọ̀fìnkìn lọ, ṣùgbọ́n a máa jẹ́ kí imú là. A kìlọ̀ pé kí ẹ má ṣe fi aṣọ bo ọmọdé mọ́ orí ìkòkò gbígbóná. Omi gbígbóná tí ó dànù sí ọmọ lára burú ju ọ̀fìnkìn lọ.

Òrí náà ní iṣẹ́ níhìn-ín. Àwọn ìyá wa ti ń fi òrí kan ihò imú ọmọ tí imú rẹ̀ dí, kí a tó gbọ́ orúkọ oògùn ìsímú rárá. Ní ọdún 1979, olùwádìí kan tí ń jẹ́ A. Tella tẹ àbájáde ìwádìí jáde lórí èyí, ó sì rí i pé òrí ń la imú dídí. Ìwádìí kékeré ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn ìyá wa kò ṣe é lásán. Ní ti ọmọ ọwọ́, etí ihò imú ni kí a fi í sí; kí a má ti í wọ inú.

Àtalẹ̀ fún túúlu

Túúlu tí ń mú apá kan orí, tí èébì ń bá rìn, àtalẹ̀ bá a mu. Kí a bó àtalẹ̀ tí ó tó oríkèé àtàǹpàkò, kí a gé e wẹ́wẹ́, kí a da omi gbígbóná ife kan lé e fún bí ìṣẹ́jú 10, kí a sẹ́ ẹ, kí a mu ún lílọ́wọ́ọ́wọ́. Àsìkò ṣe pàtàkì: ìgbà tí túúlu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ni, kí ó tó gbilẹ̀. Ní ọdún 2014, àwọn oníṣègùn ní orílẹ̀-èdè Iran tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àtalẹ̀ wé oògùn túúlu òyìnbó kan láàrin ènìyàn 100. Ìtura tí àtalẹ̀ mú wá kò jìnnà sí ti oògùn náà. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kí ó tó máa mu àtalẹ̀ déédéé.

Ẹni tí túúlu máa ń ṣe lemọ́lemọ́, kí ó máa ṣọ́ ohun tí ó ń ṣíde rẹ̀. Oòrùn ni, àbí ebi, àbí àìsùn, àbí òórùn kan, àbí oúnjẹ kan? Kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà tí olè ń gbà wọlé, ó lè ti ilẹ̀kùn náà.

Ẹ̀fọ́rí tí ibà rán

Bí ara bá ń gbóná, tí òtútù ń mú ni, tí oríkèé ń ro, ibà ni a ó fura sí. Koríko ọba àti dọ́ńgóyárò ni ọ̀pọ̀ ilé ń sè sí àgbo ibà. Koríko ọba tí a fi omi gbígbóná rẹ dára láti mu, ó ń múni làágùn, ó sì ń bomi sí ara. Dọ́ńgóyárò, tí ilẹ̀ India ni orírun rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì ti inú èdè Hausa wá, kò yẹ fún aboyún àti ọmọdé kékeré.

Ṣùgbọ́n ibà tí ẹ̀fọn ń fà ń pa ọmọdé ní ilẹ̀ wa lọ́dọọdún. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gbà ju ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka lọ, èsì rẹ̀ sì ń jáde láàrin bí ìṣẹ́jú 20. Kí a ṣe àyẹ̀wò náà. Ìtìjú kankan kò sí níbẹ̀ fún onífá, nítorí pé oògùn tí wọ́n fi ń wo ibà yìí lónìí, inú ewé ni ó ti jáde. Obìnrin onímọ̀ ará Ṣáínà kan, Tu Youyou, ni ó yẹ ìwé ìṣègùn àtijọ́ ilẹ̀ wọn wò. Ó rí i níbẹ̀ pé kì í ṣe sísè ni wọ́n ń se ewé náà. Wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú omi ni, wọ́n sì ń fún oje rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé iná ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ní ọdún 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ẹ̀yin ọmọ awo, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Nígbà tí àgbà bá sọ pé ewé yìí gbígbo ni, tọ̀hún sísè ni, tọ̀hún jíjó ni, kì í ṣe àṣà lásán ni ó ń sọ. Ọ̀nà tí a fi ń lo ewé jẹ́ apá kan oògùn náà.

Ohun tí ó yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀

Gbẹ́rẹ́ sísín fún ẹ̀fọ́rí wà nínú àṣà wa. Abẹ kan ṣoṣo tí a fi sín ènìyàn mẹ́ta lè gbé àrùn ẹ̀dọ̀ àti kòkòrò HIV láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn. Bí a bá máa sín gbẹ́rẹ́, abẹ tuntun fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, kí a sì sọ ọ́ nù lẹ́yìn rẹ̀. Èyí kò ní àfirọ́pò.

Kíkán omi ewé sójú nítorí ẹ̀fọ́rí, kí a jáwọ́ ńbẹ̀. Ojú tí ó fọ́ kì í tún là. Fínfín áásà náà kò wo orí. Ó kàn ń sọ ènìyàn di ẹrú ara rẹ̀ ni.

Àgbo tí a fi ọtí rẹ, tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀, kì í ṣe oògùn ẹ̀fọ́rí. Ọtí inú rẹ̀ ni yóò fọ́ orí lọ́la. Àgbo tí a fi káún púpọ̀ sè kò dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, nítorí pé ẹ̀yà iyọ̀ ni káún.

Oògùn òyìnbó náà ní àṣejù tirẹ̀. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lo paracetamol oní-500 ju hóró 8 lọ láàrin wákàtí 24, kò sì gbọdọ̀ fi ọtí lé e, nítorí ẹ̀dọ̀. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn apàrora ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù, fún oṣù mẹ́ta, oògùn náà gan-an lè di ohun tí ń fọ́ ọ lórí.

Ẹ̀fọ́rí tí kò gbọdọ̀ sùn nílé

Ibi tí a dé yìí ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ohun wọ̀nyí, ẹ má já ewé, ẹ má dúró de ọ̀la. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọjú sí:

1. Ẹ̀fọ́rí tí ó bú jáde lójijì bí àrá, tí ẹni náà sọ pé irú rẹ̀ kò ṣe òun rí.
2. Ẹ̀fọ́rí tí ẹnu yíyà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara, tàbí apá àti ẹsẹ̀ tí ó rọ bá rìn.
3. Ẹ̀fọ́rí pẹ̀lú ibà, tí ọrùn le tí kò ṣe é tẹ̀.
4. Ẹ̀fọ́rí tí gìrì, àìmọ ibi tí ènìyàn wà, tàbí ojú tí ń ṣú bá wá.
5. Ẹ̀fọ́rí lẹ́yìn ìṣubú tàbí ìjàm̀bá ọkọ̀.
6. Ẹ̀fọ́rí líle lára aboyún tí oyún rẹ̀ ti tó oṣù márùn-ún sókè, tàbí ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pàápàá bí ojú àti ọwọ́ bá wú, tàbí tí ó ń rí ohun tí ń kọ mànà lójú.
7. Ẹ̀fọ́rí tuntun lára ẹni tí ó ti kọjá 50 ọdún, tàbí èyí tí ń le sí i lójoojúmọ́, tí ń jí ènìyàn lójú oorun pẹ̀lú èébì.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jẹ́ kí a tún èrò kan ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró de ẹ̀fọ́rí kí wọ́n tó gbà pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ń ru. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fọ́ni lórí. Jẹ́ẹ́ ni í jókòó síni lára. Ìyá aláṣọ kan wá sọ́dọ̀ wa nígbà kan. Oṣù púpọ̀ ni ó ti fi ń ra àgbo ẹ̀fọ́rí kiri ọjà. Kí a tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ fún un, a ní kí ó lọ yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí. Ó padà dé ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú oògùn tí wọ́n kọ fún un, ó ní nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí òun kúrò níbẹ̀ títí ìfúnpá náà fi wálẹ̀. A wá dífá fún un lẹ́yìn náà, ó rú ẹbọ tí Ifá yàn, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ lọ. Ìfúnpá tí ó bá ń dé 140 lórí 90 léraléra ń fẹ́ ìtọ́jú, bóyá orí ń fọ́ tàbí kò fọ́. Kí gbogbo àgbàlagbà inú ẹgbẹ́ wa máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Iṣẹ́ tí ó kù lọ́wọ́ wa

Àwọn kan yóò bi wá pé bí aláìsàn bá lọ sí ilé ìwòsàn, kí ni ó kù fún Ifá? Púpọ̀ ni. Ifá ni yóò sọ ìdí tí ọkàn rẹ̀ kò fi balẹ̀. Ifá ni yóò parí ìjà inú ilé tí ó ń jí i lóru. Ẹbọ tí a ní kí ó rú kò sọ pé kí ó má gba abẹ́rẹ́. Babaláwo tí ó mọ ibi tí ọwọ́ òun mọ kò dín kù nínú awo; aláìsàn rẹ̀ tí ó yè ni yóò jẹ́rìí sí i.

Ní ọdún 2005 ni UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ogún àìlẹ́gbẹ́ tí aráyé ní. Ní ọdún 1995, wọ́n tẹ ìwé *Ewé* jáde ní Brazil, nínú èyí tí Pierre Fatumbi Verger, ẹni tí a tẹ̀ nífá ní Kétu, kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn ewé Yorùbá jọ sí. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè fi òórùn rinrin han ọmọ, ìkéde kò sì lè gbin òdúndún. Ọwọ́ ni a fi ń mọ ewé, ẹsẹ̀ ni a fi ń wá a.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa sí ilé awo kọ̀ọ̀kan ni pé kí a tó pé jọ lọ́dún tí ń bọ̀, kí ó ní ewé márùn-ún yìí ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú agolo: òdúndún, rinrin, ẹfinrin, koríko ọba àti àtalẹ̀. Kí a gbìn wọ́n jìnnà sí gọ́tà àti ojú títì. Kí ọmọ kan ó kéré tán nínú ilé náà lè dárúkọ wọn, kí ó sì lè sọ ìlò wọn àti ìkìlọ̀ wọn. Bí a bá ń já wọn, kí á fi tìkàn sílẹ̀ kí ó lè tún rú.

Orí wa kò ní fọ́ ní ìfọ́ tí kò ní gbóògùn. Orí wa kò ní gbóná. Ewé á jẹ́ fún wa, ọjọ́ á gùn fún wa, a ó ṣe ọdún mìíràn nínú àlàáfíà. Kí Ọ̀rúnmìlà gbè wá, kí Ọ̀sanyìn má pa ewé mọ́ fún wa.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Ire o.